Ipò Kẹta Ni Kí Ẹ Máa Wò: Ìdáhùn sí Àwọn Lẹ́tà Yín lórí Eré Àṣekágbá Formula 1

Láti ìgbà tí eré ìje ọkọ̀ ti ilẹ̀ Qatar ti parí ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́tà tí ó ń wọlé sí ojú ewé yìí láti Adó-Èkìtì, Ìkéré, Ọ̀yẹ́, Ìlawẹ̀ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti pọ̀ ju iye tí a lè dáhùn tán lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé, èyíinì ni eré àṣekágbá Formula 1 ti ọdún 2025, tí yóò wáyé ní pápá Yas Marina ní Abu Dhabi ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá. Awakọ̀ mẹ́ta ni ọwọ́ wọn ṣì lè tẹ adé ọdún yìí: Lando Norris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ní àmì 408, Max Verstappen, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tí ó ní 396, àti Oscar Piastri, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, tí ó ní 392. Norris àti Piastri jọ ń wakọ̀ fún ẹgbẹ́ kan náà, McLaren. Ìgbà ìkẹyìn tí ó ju ènìyàn méjì lọ tí wọ́n jọ ń du adé títí di eré tó kẹ́yìn ni ọdún 2010. Mo ti ṣa mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà, mo sì ti gbìyànjú láti dáhùn wọn bí agbára mi ti mọ.

Láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkéré-Èkìtì

*Olóòtú wa ọ̀wọ́n, àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì ni wọ́n fi eré yìí mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò kò lórí ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní bí Verstappen bá ti lè gba ipò kìn-ín-ní lọ́jọ́ Àìkú, adé ti di tirẹ̀ nìyẹn. Àbúrò ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àríyànjiyàn náà kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa là á.*

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o, Bàbá. Àbúrò ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá ẹ̀gbọ́n wí, nítorí ohun tí ó sọ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ kiri ìgboro lọ́sẹ̀ yìí.

Nínú eré kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní ń gba àmì 25, ẹni kejì ń gba 18, ẹni kẹta 15, ẹni kẹrin 12. Lẹ́yìn wọn ni 10, 8, 6, 4, 2, àti àmì kan péré fún ẹni kẹwàá. Àmì kan tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá fi ìyára ju gbogbo èrò lọ nínú ìyípo kan tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Wọ́n ti fagi lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Nítorí náà, 25 ni òpin ohun tí ẹnikẹ́ni lè kó lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ wá fi 25 kún 396 tó wà lọ́wọ́ Verstappen, yóò di 421. Bí Norris bá ṣe ipò kẹta lọ́jọ́ kan náà, 15 yóò kún 408 tirẹ̀, yóò sì di 423. Verstappen yóò gba ife eré ọjọ́ náà, Norris yóò sì gba adé ọdún. Ṣùgbọ́n bí Norris bá bọ́ sí ipò kẹrin, àmì 12 ni yóò rí gbà, 420 ni àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́, àmì kan ṣoṣo ni adé yóò sì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé ipò kẹta ni kí wọ́n máa wò, kí wọ́n má kàn tẹjú mọ́ ẹni tó wà níwájú.

Bí Verstappen bá ṣe ipò kejì, 414 ni yóò ní, Norris yóò sì ní láti wà ní ipò kẹjọ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ kí ọwọ́ Verstappen tó lè tẹ̀ ẹ́. Bí Norris bá wà ní ipò keje, àmì wọn yóò dọ́gba, eré méje-méje ni wọn yóò sì jọ ti borí lọ́dún yìí; iye ìgbà tí oníkálukú ti ṣe ipò kejì ni wọn yóò wá kà, Norris sì ju Verstappen lọ níbẹ̀. Ní ti Piastri, àfi kí òun fúnra rẹ̀ borí, kí Norris sì wà ní ipò kẹfà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ṣe ipò kejì, ọ̀nà rẹ̀ á há gan-an, nítorí Norris yóò ní láti wà ní ipò kẹwàá tàbí lẹ́yìn rẹ̀, Verstappen náà yóò sì ní láti wà ní ipò kẹrin tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá, nítorí pé olùkọ́ ìṣirò ni yín, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fún àwọn ọmọ náà ṣe. Ní Qatar, ipò karùn-ún ni Norris wà nígbà tí eré ti ń lọ sópin, kí ọ̀dọ́mọkùnrin ẹgbẹ́ Mercedes nì, Kimi Antonelli, tó yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, tí Norris sì kọjá rẹ̀ bọ́ sí ipò kẹrin. Àmì méjì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ipò kẹrin àti ìkarùn-ún. Ká ní Norris kò rí àmì méjì yẹn gbà ni, 406 ni ìbá gbé wá sí Abu Dhabi. Bí ó bá ṣe ipò kẹta níbẹ̀, 421 ni ìbá ní, bí Verstappen bá sì borí, òun náà ìbá ní 421. Wọn ìbá ka iye eré tí oníkálukú borí, Verstappen ìbá ní mẹ́jọ, Norris méje, adé ìbá sì lọ sọ́dọ̀ Verstappen. Ìyẹn ni pé kí ipò kẹta tó lè tó Norris lọ́jọ́ Àìkú, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní ìparí eré Qatar ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wo eré náà ni wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n wọn nígbà yẹn, nítorí wọ́n ti mọ ẹni tó borí.

Láti ọ̀dọ̀ akọrin ìjọ kan, Ìlawẹ̀-Èkìtì

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ Àìkú ni eré yìí, ìjọ wa kì í sì í tètè jáde. Aago mélòó ni yóò bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa níbí?*

Aago méjì ọ̀sán ni. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni yóò jẹ́ ní Abu Dhabi nígbà náà, nítorí wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ṣáájú wa. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, eré náà kì í ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ. Ẹ lè dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ gún iyán yín, kí ẹ sì jókòó kí iná ìbẹ̀rẹ̀ tó kú, èyí tó jẹ́ àmì pé kí àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Orí SuperSport ni yóò ti jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ẹ bá onílé ìwòran sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, kí ó lè ya tẹlifíṣọ̀n kan sọ́tọ̀ fún un, nítorí bọ́ọ̀lù ni ọkàn ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà lọ́jọ́ Àìkú.

Láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan, òpópónà Ìkéré, Adó-Èkìtì

*Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n fagi lé èsì ọkọ̀ McLaren méjèèjì ní Las Vegas nítorí pákó abẹ́ ọkọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pákó wà lábẹ́ ọkọ̀ tó gbówó lórí tó báyẹn? Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Kí ló sì dé tí wọn kò fi lè bu owó ìtanràn lé wọn nìkan?*

Ọ̀gá, òótọ́ ni. Pákó pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ọkọ̀ Formula 1 kọ̀ọ̀kan, ó gùn láti iwájú lọ sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń fi èròjà mìíràn ṣe é báyìí yàtọ̀ sí igi gidi. Mìlímítà 10 ni ó máa ń nípọn nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Lẹ́yìn eré, wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ti jẹ ju mìlímítà kan lọ, tí ó fi wá sílẹ̀ ju mìlímítà 9, èsì ọkọ̀ náà ti di òfo.

Ẹ óò rí i pé ohun tí ẹ̀yin ń ṣe fún ọkọ̀ níbí gan-an ni òdì kejì ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n lójoojúmọ́ máa ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀ nítorí kòtò àti òkúta. Àwọn ẹgbẹ́ Formula 1 ní tiwọn ń wá ọ̀nà láti mú kí ọkọ̀ wọn wà nílẹ̀ bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, nítorí bí abẹ́ ọkọ̀ bá ti súnmọ́ ilẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń sáré gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ń fà á mọ́lẹ̀ sí. Bí ó bá sì ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ lè fi eré wọ kọ́nà láìfò kúrò lójú ọ̀nà. Ewu rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ bá kan ilẹ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ yẹn á dáwọ́ dúró, awakọ̀ kò sì ní lè darí rẹ̀ mọ́. Ọdún 1994, lẹ́yìn tí Roland Ratzenberger àti Ayrton Senna kú ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà ní Imola, ni wọ́n mú òfin pákó náà wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọn pé kí wọ́n má fi owó ìtanràn yanjú rẹ̀. Òfin tí ó ń dáàbò bo ẹ̀mí kò yẹ kí ẹni tó lówó lè rà á.

Ní Las Vegas, ipò kejì ni Norris ṣe, Piastri sì ṣe ipò kẹrin. Wọ́n wọn pákó ọkọ̀ méjèèjì, ó sì wá sílẹ̀ ju 9 lọ. Àmì 18 ti Norris lọ, 12 ti Piastri lọ. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìyẹn já sí: ká ní àmì 18 náà dúró ni, 426 ni Norris ìbá ní báyìí, ìyàtọ̀ àárín òun àti Verstappen ìbá jẹ́ 30, bẹ́ẹ̀ 25 ni gbogbo ohun tó kù nílẹ̀. Verstappen kì bá tí ní ìrètí kankan mọ́, àwọn ọmọ McLaren méjèèjì nìkan ni ìbá máa du adé láàárín ara wọn. Ohun tí kò tó sísanra èékánná ọwọ́ ló dá Verstappen padà sínú ìdíje. Mo mọ̀ pé inú àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ náà yóò bàjẹ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ẹ̀yin náà á sì mọ bí ó ti ń rí.

Láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan, Fásitì Àpapọ̀, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó yẹ kí McLaren pàṣẹ fún Piastri pé kí ó yà fún Norris? Nínú yàrá wa ní ilé gbígbé, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà.*

Àbúrò mi, mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, ibi tí mo dúró sí nìyí: kò yẹ kí wọ́n pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí Piastri fúnra rẹ̀ bá ṣì lè gba adé. Ẹ má gbàgbé pé òun ló ṣáájú gbogbo wọn ní ìparí oṣù Kẹjọ. Nígbà tí eré ilẹ̀ Nẹ́dálándì parí, Piastri fi àmì 34 ju Norris lọ, ó sì fi 104 ju Verstappen lọ. Eré méje ni ó ti borí lọ́dún yìí, iye kan náà pẹ̀lú Norris. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tó báyẹn kò yẹ kí wọ́n sọ fún pé kí ó wá di ọmọ-ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kí iná ìbẹ̀rẹ̀ tó kú.

Ṣùgbọ́n bí eré bá ti lọ jìnnà, tí ó sì hàn kedere pé kò sí ọ̀nà fún Piastri mọ́, tí Norris sì wà ní ipò kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí Verstappen wà níwájú, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Kí Piastri yà fún un nígbà náà kì í ṣe àbùkù. Òun àti Norris ti ṣe irú rẹ̀ fún ara wọn rí. Ní Hungary lọ́dún 2024, Norris ló dá ipò kìn-ín-ní padà fún Piastri; ní Monza lọ́dún yìí, Piastri dá ipò kejì padà fún Norris lẹ́yìn tí wọ́n pẹ́ jù nídìí pípààrọ̀ táyà Norris.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ìtàn ilé náà fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2007, McLaren yìí kan náà ló ní awakọ̀ méjì tí wọ́n ń du adé, Lewis Hamilton pẹ̀lú àmì 107 àti Fernando Alonso pẹ̀lú 103, àwọn méjèèjì kò sì fẹ́ràn ara wọn. Kimi Räikkönen ti Ferrari wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú 100. Nígbà tí eré àṣekágbá parí ní Bràsíìlì, Räikkönen ní 110, Hamilton ní 109, Alonso ní 109. Àwọn àgbà ní bí ọmọ ìyá méjì bá wọ yàrá tí wọ́n sì jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín, irọ́ ni wọ́n pa fún ara wọn. Mo fẹ́ kí àwọn aṣáájú McLaren jókòó ti àwọn ọmọ méjèèjì kí ọjọ́ Àìkú tó pé, kí wọ́n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún wọn, bí wọ́n bá tilẹ̀ fajú ro jáde. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n máa jiyàn lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ nígbà tí eré bá ku ìyípo márùn-ún.

Láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbà kan, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

*Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti dàgbà, ṣùgbọ́n mo rántí pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òyìnbó sọ fún wa pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti parí ìdíje ọkọ̀ àgbáyé rí. Ẹnikẹ́ni tí mo bá sọ ọ́ fún lónìí á ní mo ń lálàá ni. Ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?*

Bàbá wa, ẹ kò lálàá o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni adé awakọ̀ àgbáyé ti já sílẹ̀ Áfíríkà nínú eré tó kẹ́yìn ọdún, inú mi sì dùn púpọ̀ pé ẹnìkan béèrè rẹ̀, nítorí mo ti ń wá àyè láti kọ ọ́.

Ìgbà kìn-ín-ní ni ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ní Ain-Diab, lẹ́bàá òkun ní Casablanca ní ilẹ̀ Mòrókò. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni wọ́n ń du adé: Stirling Moss pẹ̀lú ọkọ̀ Vanwall, àti Mike Hawthorn pẹ̀lú Ferrari. Moss ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn lè ṣe lọ́jọ́ náà. Ó borí, òun ló sì sá ìyípo tó yára jù lọ. Ṣùgbọ́n ipò kejì ni Hawthorn nílò, Phil Hill tí wọ́n jọ wà ní Ferrari sì dẹ ẹsẹ̀ eré rẹ̀ kí Hawthorn lè kọjá sí ipò kejì náà. Àmì 42 ni Hawthorn fi parí, Moss ní 41. Eré mẹ́rin ni Moss borí lọ́dún yẹn, ẹyọ kan péré ni Hawthorn borí.

Ohun tó wà nínú ìtàn yìí tó máa ń dùn mí lọ́kàn ni èyí: ní oṣù méjì ṣáájú, nígbà tí wọ́n fẹ́ fagi lé ipò kejì tí Hawthorn ṣe ní Portugal, Moss fúnra rẹ̀ ló lọ jẹ́rìí fún un lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ eré pé kò rú òfin, wọ́n sì dá àmì rẹ̀ padà fún un. Láìsí ẹ̀rí Moss yẹn, Moss ni ìbá gba adé. Kò gba adé náà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Inú eré Casablanca yẹn náà ni iná ti jó Stuart Lewis-Evans, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Hawthorn fi eré ìje sílẹ̀ lẹ́yìn adé náà, ṣùgbọ́n ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1959, ìjàǹbá ọkọ̀ ojú pópó gba ẹ̀mí tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ìgbà kejì ni ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1962, ní ìlú East London ní Gúúsù Áfíríkà. Jim Clark ló ń ṣáájú, adé sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, kí epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò tí ó sì ní láti dúró. Graham Hill ló borí eré náà, òun ló sì gba adé.

Ìgbà kẹta ni ọdún 1983, ní Kyalami ní Gúúsù Áfíríkà bákan náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá. Alain Prost ti Renault ní 57, Nelson Piquet ti Brabham ní 55. Piquet bẹ́ síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì Prost bàjẹ́ tí ó sì kúrò nínú eré, Piquet kò lépa ipò kìn-ín-ní mọ́. Ó rọra dẹ ẹsẹ̀ eré rẹ̀, kí ohunkóhun má bàa ṣe ọkọ̀ rẹ̀, ó jẹ́ kí àwọn méjì kọjá, ó sì fi ipò kẹta parí. Àmì mẹ́rin ni ipò kẹta ń fúnni nígbà náà. 59 sí 57 ni ó fi gba adé. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Norris kò ní ìgboyà bí ó bá jókòó sí ipò kẹta lọ́jọ́ Àìkú, ẹ rántí Piquet, ẹni tó tún gba adé kan mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dún 1987, láìsí ẹni tó pè é ní ojo.

Ọdún 1993 ni Formula 1 wá sí Áfíríkà kẹ́yìn, ní Kyalami kan náà. Ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo ló sì ti gba adé náà rí, Jody Scheckter ti Gúúsù Áfíríkà, lọ́dún 1979. Ó wù mí kí ó padà wá nígbà tí ẹ̀yin ṣì wà láàyè, Bàbá.

Láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ta fóònù, Adó-Èkìtì

*Ọdún yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo Formula 1. Kí ni kí n máa fojú sọ́nà fún lọ́jọ́ náà, kí n má bàa kàn máa wo ọkọ̀ tó ń yípo? Ta sì ni ẹ̀yin rò pé yóò gba adé?*

Kí ẹ má dúró di ọjọ́ Àìkú, àbúrò mi. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ẹ ti jókòó, nígbà tí wọ́n á sáré láti mọ bí wọn yóò ṣe tò lójú ìlà. Láti ọdún 2015 títí di ọdún 2024, ọdún mẹ́wàá gbáko, ẹni tó bá ṣáájú lójú ìlà ní Yas Marina náà ló ń borí. Norris gan-an ló ṣe é lọ́dún tó kọjá. Bí Norris bá wà ní ìlà iwájú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkàn àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lè fúyẹ́ díẹ̀.

Ìyípo 58 ni eré náà, ìyípo kọ̀ọ̀kan sì gùn ní kìlómítà 5.281. Ojúmọmọ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, abẹ́ iná ni wọ́n sì ń parí rẹ̀ sí. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọ̀nà á máa tutù, ọkọ̀ tí kò rọrùn láti darí ní aago méjì wa lè wá máa dáa sí i ní aago mẹ́ta. Ẹ máa wo ìgbà tí oníkálukú bá wọlé pààrọ̀ táyà, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Qatar ti wọ́. Eré ìyípo 57 ni ti Qatar, òfin ọjọ́ náà sì ni pé táyà kan kò gbọdọ̀ sá ju ìyípo 25 lọ. Ní ìyípo keje, ọkọ̀ méjì kọ lu ara wọn, ọkọ̀ ààbò jáde, gbogbo ọkọ̀ sì ń rọra lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ táyà nígbà náà lè tún pààrọ̀ ní ìyípo 32 kí ó sì dé òpin, láìpàdánù àsìkò púpọ̀. Verstappen wọlé. McLaren fi awakọ̀ wọn méjèèjì sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Verstappen borí, Piastri ṣe ipò kejì, Norris ṣe ìkẹrin tí mo ti sọ lókè. Nítorí náà, bí ọkọ̀ ààbò bá jáde lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má dìde lọ bu omi mu.

Mo ní ìdí tèmi fún ìmọ̀ràn yẹn. Lọ́dún 2021, ní pápá yìí kan náà, Hamilton àti Verstappen dé eré àṣekágbá pẹ̀lú àmì tó dọ́gba, 369.5 sí 369.5. Hamilton ló ń ṣáájú fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó ku ìyípo díẹ̀, ọkọ̀ Nicholas Latifi kọ lu ògiri, ọkọ̀ ààbò jáde, Verstappen sì wọlé gba táyà tuntun. Inú ilé wa ní Adó ni mo wà, iná sì lọ lásìkò náà gan-an. Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo fi rí epo díẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò, Verstappen ti kọjá Hamilton nínú ìyípo tó kẹ́yìn, ó sì ti gba adé àkọ́kọ́ rẹ̀. Gbogbo ọdún ni mo fi wo eré yẹn, ìyípo kan tó ṣe pàtàkì jù ni n kò rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra epo yín láti ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ní ti ẹni tí yóò gba adé, Norris ni mo mú. Verstappen yóò sáré láti borí, mo sì rò pé yóò borí, nítorí ẹni tó ti gba adé mẹ́rin tẹ̀léra wọn kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tí yóò pàdánù. Iṣẹ́ Norris ló ṣòro jù, nítorí ó gbọ́dọ̀ wakọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀ láì jẹ́ kí ìbẹ̀rù mú un lọ́ra jù, láì sì jẹ́ kí ìtara sún un dé ibi tí kò pọn dandan. Ẹ wo Alonso lọ́dún 2010. Òun ló ṣáájú kí wọ́n tó dé Abu Dhabi. Mark Webber, tí òun náà ń du adé, ni ẹgbẹ́ Alonso tẹjú mọ́, wọ́n pe Alonso wọlé wá pààrọ̀ táyà nítorí Webber, ó sì há sẹ́yìn Vitaly Petrov títí eré fi parí, ní ipò keje. Sebastian Vettel, tí kò tíì ṣáájú nínú àtẹ àmì rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ló gba adé. Bí McLaren bá tẹjú mọ́ Verstappen jù, tí wọ́n sì gbàgbé àwọn Mercedes àti Ferrari tó lè gba ipò kẹta mọ́ Norris lọ́wọ́, ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ McLaren yára tó láti wà láàárín àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ní pápá yẹn, Norris sì ti kẹ́kọ̀ọ́ ìlò rẹ̀ dáadáa lọ́dún tó kọjá.

Ojú ewé yìí yóò gba lẹ́tà yín lórí bí eré náà ṣe lọ títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ ìlú yín sí i.